Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbígba kọ́ọ̀lù tech support láti ilé n'Íbàdàn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáTóní_Àkóbọ̀

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síṣẹ́ kan, iṣẹ́ kọ́ọ̀lù ni, àwọn ará Amẹ́ríkà tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé wọn ò bá ṣiṣẹ́ ló máa ń pè, èmi ni màá máa dá wọn lóhùn láti ilé wa níbí. Wọ́n ní kí n ní láptọ́ọ̀pù tó dáa, headset oníwáyà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kì í já, àwọn á sì kọ́ wa níṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Iná àdúgbò wa ò dúró o, ó lè wá láàárọ̀ ká má tún rí i mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣé ínfátà kékeré lè gbé iṣẹ́ yìí àbí àfi kí n tan jẹnẹrétọ̀, tí ariwo ẹ̀ á tún wá wọ inú kọ́ọ̀lù? Ọmọ mi ò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìyá ọkọ mi sì ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí màmá bá ti rí mi nílé wọ́n gbà pé ọwọ́ mi dilẹ̀ nìyẹn. Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù, ṣé òyìnbó á gbọ́ ohun tí mò ń sọ? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é, ẹ bá mi dá sí i.

WáyàNilé

Ẹ kú oríire Ìyá Tóní. Ẹ jẹ́ n mú ti iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Iṣẹ́ yín ò jẹná rárá, láptọ́ọ̀pù ń jẹ bíi wáàtì 50, router àti àpótí fáíbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé bíi 20, tẹ́ ẹ bá fi wákàtí 8 ṣe é kò tíì pé yúnítì kan. Bátìrì tubular 12V 200Ah kan ṣoṣo, kódà kẹ́ ẹ lo ìdajì ẹ̀ péré kó má baà tètè bàjẹ́, á gbé yín dé ìparí ṣíìfù, ẹ ṣáà má gbé fíríìjì tàbí áyọ́ọ̀nù lé e. Láti April 2024 tí wọ́n ti gbé iná Band A, ti àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́ fún, láti bíi 68 náírà lọ sí 225 fún yúnítì kan ni gbogbo èèyàn ti ń ṣọ́ mítà, àmọ́ kọ́ọ̀lù kọ́ ló máa jẹ yín lówó, áyọ́ọ̀nù àti pọ́ǹpù omi ni.

Ohun kan wà tí kì í sí lọ́kàn àwọn èèyàn. Tí NEPA bá mú iná, ínfátà máa ń fà díẹ̀ kó tó gbà á, láptọ́ọ̀pù ò ní mọ̀ torí ó ní bátìrì tiẹ̀, ṣùgbọ́n router lè kú kó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jí, kó tó mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà kọ́sítọ́mà ti lọ. Ẹ wá UPS kékeré 12V tí wọ́n ń tà fún router, ìyẹn bátìrì tó ń gba iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ, ẹ fi gbé router àti àpótí fáíbà pọ̀, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà ṣáájú ohunkóhun.

Ní ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kọ́ọ̀lù ò nílò èyí tó lágbára púpọ̀, bíi 100 kbps ní lílọ àti 100 ní bíbọ̀ ti tó, kò sì ní jẹ ju bíi 90MB lọ ní wákàtí kan. Èyí tó ń pa kọ́ọ̀lù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń yára tó tún ń fà, tí ò dúró lójú kan, ìdí nìyẹn tí speed test á fi gbé 40 Mbps fún yín, tó ju èyí tẹ́ ẹ nílò lọ dáadáa, tí ohùn yín á ṣì máa gé. Ẹ ki wáyà láti router bọ láptọ́ọ̀pù tààrà, ẹ fi Wi-Fi sílẹ̀ fún ará ilé. Kẹ́ ẹ sì ní SIM ilé-iṣẹ́ mìíràn nílẹ̀ fún hotspot. Lọ́jọ́ 14 March 2024 tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá bàjẹ́ pọ̀ lápá Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ẹni tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tí méjèèjì ń gba ojú kan náà kọjá ò rí ọ̀nà gbà, torí náà ẹ bi ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan léèrè wáyà tó ń gbà kọjá kẹ́ ẹ tó rà.

ÀǹtíHouston

Àbúrò mi, o kú oríire o. Iṣẹ́ yìí lèmi náà ń ṣe láti yàrá mi ní Houston níbí. Fọkàn balẹ̀ lórí ohùn ẹ. Sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, jẹ́ kí H jáde dáadáa torí òun ló máa ń bọ́ lẹ́nu àwa Yorùbá, tó bá sì kan kó o pe lẹ́tà fún wọn, B àti D àti P àti T ò yàtọ̀ létí ẹni tó wà lórí fóònù, Bravo, Delta, Papa, Tango ni kó o máa wí.

Ìfura lo máa bá pàdé jù. Àwọn oníjìbìtì ti fi orúkọ tech support gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ arúgbó níbí, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà wọn ti kó àrùn, wọ́n á ní kí wọ́n lọ ra gift card. Torí ẹ̀, tí màmá kan bá gbọ́ ohùn tí ò jọ ti àdúgbò wọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ léèrè ibi tó o wà, ẹlòmíì á bú ẹ. Má bínú sí wọn rárá, ẹ̀rù tó ń bà wọ́n nídìí. Sọ fún un pé tí ọkàn ẹ̀ ò bá balẹ̀ kó gbé fóònù sílẹ̀, kó pe nọ́ńbà tó wà lórí bíìlì ẹ̀ fúnra ẹ̀. Má béèrè password, má béèrè nọ́ńbà káàdì. Mo ti rí i tí ẹni tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀ nígbà tó gbọ́ ìyẹn.

Nínú iṣẹ́ gan-an, má bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti ki wáyà, bẹ́ẹ̀ ni lẹnu wọn á sọ láì wò ó. Ní kí wọ́n yọ ọ́ lójú méjèèjì kí wọ́n tún un kì, wọ́n á rí i fúnra wọn pé ó ti ń já bọ́. Bi wọ́n léèrè iná tó ń tàn lára àpótí. Tí iná tí wọ́n kọ LOS sí bá pọ́n lára àpótí fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ò wọlé látìta nìyẹn, má fi reboot dá wọn lágara, bá wọn dá ọjọ́ fún technician. Tí kọ̀ǹpútà wọn bá gbé àdírẹ́ẹ̀sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kò rí àdírẹ́ẹ̀sì gbà lọ́wọ́ router ni, ibẹ̀ ni kó o máa wá a lọ. Ọ̀gá á máa ka ìṣẹ́jú lé ẹ lórí, wọ́n ń pè é ní handle time, mo mọ̀ pé ó le, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀lù tó o yanjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sàn ju èyí tó yá tí onítọ̀hún tún pe padà lọ.

Oníṣẹ́Òru

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé wọ́n ti sọ apá ibi tí àwọn kọ́sítọ́mà yẹn wà l'Amẹ́ríkà? Ọ̀rọ̀ màmá ọkọ yín wà nínú ẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa sọ aago tẹ́ ẹ máa fi ṣiṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ New York jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán wa nígbà òtútù wọn, á di aago méjì láti March sí November torí wọ́n máa ń yí aago, àwa kì í yí i. Ti California ló le, mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wa nígbà òtútù, á di márùn-ún láti March sí November, ẹ ò ní sọ̀kalẹ̀ títí di aago kan tàbí méjì òru.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ wò ó bóyá ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá fi sọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń sanwó ẹ̀ àbí gbogbo wákàtí tẹ́ ẹ bá jókòó, torí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n pé tí iná bá lọ, ta ló ni àdánù. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó ìdálẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó headset ṣáájú, ẹ sá, olè ni. Ilé-iṣẹ́ kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wọ́n gbowó, wọ́n ò gbé fóònù ẹ̀ mọ́.

ÌyáTóní_Àkóbọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni, Olódùmarè á dá yín lóhùn. Wọn ò gba owó kankan lọ́wọ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ka ìwé yẹn dáadáa, California ni! Wákàtí ni wọ́n fi ń sanwó. Kí wá ni kí n ṣe sí ti màmá?

Oníṣẹ́Òru

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má lọ bá wọn ṣàlàyé kọ̀ǹpútà o. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín bá wọn sọ ọ́ lójú yín, pé ìyàwó òun níṣẹ́ alẹ́ bíi ti nọ́ọ̀sì, aago márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé síṣẹ́, tílẹ̀kùn yàrá yẹn bá ti wà ní títì ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án. Tí Tóní bá ti ń sùn ní bíi aago mẹ́jọ, wákàtí méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ máa nílò kí màmá bá yín dì í mú, ẹ bẹ̀ wọ́n fún ìyẹn nìkan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ máa sùn, ẹ sọ ìyẹn náà fún wọn, kí wọ́n má pè yín lọ́lẹ tí wọ́n bá bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́sàn-án.