Pásítọ̀ ní kí n yọ "Fá" kúrò nínú orúkọ ìdílé mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

OmoSabonGari:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí torí ẹ̀yin Yorùbá tẹ́ ẹ wà lókè Ọya ló máa tètè yé. Sabon Gari ní Kánò ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ẹ ṣáà mọ̀ pé kò síbi táwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ò tajà dé nílẹ̀ Hausa. Ní Kánò, "Bayarabe", ìyẹn ọmọ Yorùbá lédè Hausa, ni wọ́n ń pè mí, tá a bá wá lọ sílé fún Kérésì àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi á ní "Gàmbàrí ti dé", wọ́n á máa sín ọ̀rọ̀ mi jẹ. Kúbwà l'Ábújá ni mo ń gbé báyìí, bí wọ́n bá bi mí pé ọmọ ibo ni mí, mo máa ń kọ́kọ́ dákẹ́ ná.

2021 ni mo fayé mi fún Jésù, kì í ṣe ti ká máa tẹ̀lé ìyá ẹni lọ ṣọ́ọ̀ṣì o. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa jókòó síbì kan tẹ́nì kankan ò kọ́kọ́ bi mí pé ìlú wo lo ti wá, Tiv wà ńbẹ̀, Gbagyi wà ńbẹ̀, Íbò wà ńbẹ̀, gbogbo wa la jọ ń nu àga lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní mo ti délé. Àfi ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi mí sínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, mo kọ fọ́ọ̀mù, pásítọ̀ wo orúkọ ìdílé mi (mi ò ní kọ ọ́ tán síbí, "Fá" ló fi bẹ̀rẹ̀), ó fi bírò fàlà sí i nídìí, ó ní ẹ̀dá tuntun ò gbọ́dọ̀ máa jẹ́ orúkọ òrìṣà, kí n lọ sọ ọ́ di Olú tàbí Jésù. Ọkàn mi ò balẹ̀ látọjọ́ náà. Tí mo bá yọ Fá yìí, kí ló kù tí mo fi jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́? Tí mi ò bá yọ ọ́ ńkọ́, ṣé ti Jésù ni mí lóòótọ́?

TiJesuNiMi_Lugbe:
Yọ ọ́ kíákíá. Orúkọ ń ro ọmọ. Ábúrámù di Ábúráhámù, Jékọ́bù di Ísírẹ́lì, Sọ́ọ̀lù di Pọ́ọ̀lù. Ògún ni tiwa tẹ́lẹ̀, mo ti sọ ọ́ di Olú, mi ò kábàámọ̀. Wàhálà ẹ̀ ò kéré ṣá o, àfídáfíìtì ní kọ́ọ̀tù, ìwé ìròyìn, NIN, báńkì, sátífíkéètì WAEC mi ṣì ń jẹ́ ti àtijọ́.

IyaIbeji_Nyanya:
Ọmọ mi, fara balẹ̀. Ìwọ TiJesu, orí kẹsàn-án Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ni Sọ́ọ̀lù ti pàdé Jésù, Sọ́ọ̀lù náà ló ṣì ń jẹ́ títí dé orí 13, ẹsẹ kẹsàn-án ló wá ní òun náà ni wọ́n ń pè ní Pọ́ọ̀lù, orúkọ méjèèjì ló ní. Ti Ábúrámù, Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló yí i, kò sí bírò ńbẹ̀.

Ẹ tiẹ̀ wo Àjàyí Crowther. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, nígbà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní Sàró ní 1825 ló gba Samuel Crowther, kò sì ju Àjàyí nù. Nígbà tó fi máa rí ìyá ẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1846, ẹ rò pé Samuel nìyá yẹn mọ̀? Àjàyí yẹn náà ló di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

TiJesuNiMi_Lugbe:
Màmá, ẹ má bínú o, àmútọ̀runwá ni Àjàyí, ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé. Kì í ṣe orúkọ òrìṣà.

IyaIbeji_Nyanya:
Ó dáa, o mú mi níbẹ̀ yẹn. Àpólò ńkọ́? Òrìṣà àwọn Gíríìkì ni wọ́n fi sọ ọ́. Pọ́ọ̀lù mọ̀ ọ́n, wọ́n jọ ṣiṣẹ́, mi ò rí i kà pé ó ní kó lọ yí i. Ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ti wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ láti 1855, gbogbo Fá àti Ògún tó ti ṣe díákónì ńbẹ̀ ńkọ́?

Danlami_Kaduna_Yoruba:
Ará mi, lójú tèmi ọ̀rọ̀ yìí kọjá Fá. Àwọn tó ń pè ẹ́ ní Bayarabe àtàwọn tó ń pè ẹ́ ní Gàmbàrí, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, pé o kì í ṣe tiwa. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ò sọ bẹ́ẹ̀, fọ́ọ̀mù wá dé. Ó gbọ́dọ̀ dùn ẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé o ti bi bàbá ẹ?

OmoSabonGari:
Mo pè wọ́n lánàá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Wọ́n ní bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ ṣèrìbọmi nínú ilé wa, Fá yẹn ló wọnú odò, òun náà ló jáde. Wọ́n wá ya ìwé orin bàbá náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìkòkò ọbẹ̀ ti bà á jẹ́ létí, wọ́n kọ orúkọ sójú ewé àkọ́kọ́, Fá gbàgàdà, wọ́n wá fi yíǹkì kan náà kọ "ẹrú Jésù" sábẹ́ ẹ̀. Mo wò ó títí iná fi lọ.

Ẹ ṣé gan-an màmá. Mo ti gba fọ́ọ̀mù mìíràn, bí mo ṣe ń jẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Pásítọ̀ ò tíì dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n màá wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àga ń dúró.