Báwo ni kí n ṣe kọ́ ọmọ Lárúbáwá ní "get"?

Oníbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Káírò, mo sì ń kọ́ ọmọ Íjíbítì mẹ́fà ní Gẹ̀ẹ́sì lálaalẹ́. "Get" ń dà wá láàmú. Ìwé atúmọ̀ èdè wọn ní hasala ʿalā ni, pé kí ọwọ́ èèyàn tẹ nǹkan. Lánàá, mo kọ "I got home at four" sójú pátákó. Ọmọ kan rò pé mo ti ní ilé tèmi ni, ó sì bá mi yọ̀ tọkàntọkàn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa há ogún ìtumọ̀ sórí.

Ìyá Olùkọ́: Àbúrò mi, má ṣe túmọ̀ "get" lóun nìkan fún wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni kí wọ́n máa wò. Bó bá jẹ́ lẹ́tà tàbí iṣẹ́, hasala ʿalā bá a mu. Bó bá jẹ́ ibì kan, wasala ni, pé èèyàn débẹ̀. Bó bá jẹ́ "dark" tàbí "cold", asbaha ni, pé ó di bẹ́ẹ̀. Ibi tó ta kókó jù rèé: taʿiba nìkan ti tó wọn fún "get tired", tazawwaja fún "get married". Ọ̀rọ̀ kan ni tiwọn níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo méjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ "I tired". Ibẹ̀ ni kó o ti pẹ́ jù.

Alfa Ìlọrin: Salaamu alaykum. Bi wọ́n pé kí ni ʿayn. Ojú ni, orísun omi ni, amí ni, orúkọ lẹ́tà kan sì ni. Al-mushtarak al-lafzī ni àwọn onímọ̀ wọn ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa náà ń jẹ iyán, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ oyè, kò sì rú wa lójú.

Ará Káírò tẹ́lẹ̀: Ẹ lo èdè àdúgbò wọn. Gāb ni kéèyàn mú nǹkan wá. Ọmọ tó gba máàkì, wọ́n á ní ó gāb. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, gāb náà ni. Ó sún mọ́ "get" ju hasala lọ.

Oníbéèrè: Ẹ ṣeun, mà, ẹ ṣeun, Alfa. ʿAyn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí. Ọmọ àná yẹn ló kọ́kọ́ nawọ́, ó sì tú gbólóhùn náà bó ṣe yẹ. Ó ku "get" tó túmọ̀ sí kí nǹkan yéni, ìyẹn fahima. Ọ̀la la ó mú un.