Ẹ dákun, jọ́nà mùsíọ́ọ̀mù wo ló ń gba iṣẹ́ wa láìgbowó?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti kọ àpilẹ̀kọ kan tán lórí iṣẹ́ ọnà, jọ́nà ti mùsíọ́ọ̀mù, ìyẹn ìwé tí wọ́n máa ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí sí, ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, èyí tó lórúkọ tí kò sì ní gbowó. Ọjọ́ ti lọ gan-an. Èwo ni kí n gbé e fún? Ẹ má bínú pé mo kàn já lù yín, nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe ségesège níbí.

Bàbá Ọnà: Iṣẹ́ ọnà wo? Ère ni àbí aṣọ? Èèyàn ò lè dá ọ lóhùn báyìí.

Under G Lọ́kàn Mi: Bọ̀dá kan wà lẹ́yìn Tákìẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó mọ ìwé tò dáadáa, ó tún ń bá èèyàn dì í. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí á mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí mò ń sọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́: Ẹ ṣé sà. Igbá fífín ni Bàbá, ti àwọn afíngbá Ọ̀yọ́. Kì í ṣe dídì ni mo ń wá o.

Bàbá Ọnà: Ẹ̀n-ẹ́n. Tó bá jẹ́ Metropolitan Museum Journal ti New York ló wà lọ́kàn rẹ, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Láti 1968 ló ti wà, ẹ̀ẹ̀kan ló ń jáde lọ́dún, gbèdéke rẹ̀ sì ni 15 oṣù kẹsàn-án, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ pé tàwòrán-tàwòrán. Àmọ́ ohun tó wà nínú ilé tiwọn ni wọ́n fẹ́ kéèyàn kọ nípa rẹ̀. Igbá tó wà lọ́wọ́ afíngbá lọ́jà Akẹ́sán l'Ọ́yọ̀ọ́, bó ti wù kó rẹwà tó, tí kò bá ti so mọ́ nǹkan tó wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á dá a padà. Kọ́kọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kó o tẹ Yorùbá, wo ohun tó máa jáde. Òpó igi tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére ará Èkìtì nì, gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sí wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Arówómọlé: Ọmọ mi, kó o tó fi ohunkóhun ránṣẹ́ síbì kankan, jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún ọ. Wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi, wọ́n pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá, orúkọ jọ́nà wọn ní mùsíọ́ọ̀mù nínú, mo rò pé ẹni gidi ni. Wọ́n gbowó lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó yẹ iṣẹ́ náà wò, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó ti jáde, wọ́n gbé àwòrán ère ìbejì mi dojú dé, ẹsẹ̀ wà lókè orí wà nísàlẹ̀. Nígbà tí mo gbé e síwájú àwọn tó ń ṣe ìgbéga wa lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní àwọn ò kà á. Mi ò sì lè gbé e lọ síbòmíràn mọ́ torí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo àìsùn ṣe ni wọ́n bà jẹ́ yẹn o.

Àdùkẹ́ Aláró: Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti béèrè owó, kéèyàn sá ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Títí Láé: Kò rí bẹ́ẹ̀ o àǹtí. Àwọn jọ́nà gidi wà tó ń gbowó kí gbogbo ayé lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó yẹ kéèyàn wò ni bóyá wọ́n ń yẹ iṣẹ́ wò.

Àdùkẹ́ Aláró: Ta ló fẹ́ lówó yẹn nínú wa pẹ̀lú owó oṣù tí à ń gbà? Getty Research Journal, ti Getty ní Los Angeles, náà ti di ọ̀fẹ́ láti 2024, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tàbí òǹkàwé. Kí ló dé táwọn yòókù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Títí Láé: Getty lówó, àǹtí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló lówó tó Getty.

Under G Lọ́kàn Mi: Fi ránṣẹ́ sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn lo máa mú.

Bàbá Ọnà: Má gbọ́ tirẹ̀ rárá! Ìwà burúkú gbáà ni, bí ẹ́dítọ̀ méjì bá mọ̀, orúkọ rẹ bà jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Igbá yẹn, African Arts ni kó o gbé e lọ. Kì í ṣe ti mùsíọ́ọ̀mù, yunifásítì UCLA ní Los Angeles ló wà lẹ́yìn rẹ̀ láti 1967, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ wa yìí tí kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì Arówómọlé: Ẹni tó bá ní orúkọ jọ́nà kan lọ́kàn, kó kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́ o, mo ti mọ ọ̀nà wọn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ìyá Ìbejì ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Bàbá, ẹ má bínú sí mi, Metropolitan ni mo máa lọ. Mo ti wo òpó Ọlọ́wẹ̀ yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti àná. Nígbà tí mo lọ sọ́dọ̀ afíngbá, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì há igbá mọ́lẹ̀, kò yàwòrán kankan tẹ́lẹ̀, ó kàn ń fi ọ̀bẹ ha abẹ́ ìlà títí tí funfun fi yọ, èérún igbá bo itan rẹ̀. Bí ìlà ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn lára òpó yẹn ló mú mi rántí ọwọ́ bàbá náà, ohun tí mo fẹ́ kọ nìyẹn, kí àwọn tó gbé òpó yẹn kalẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ tó ń fín nǹkan ṣì wà nílé. Màá tún un kọ kọjá 15 tó bá pọn dandan, kó jẹ́ ti ọdún tó ń bọ̀.

Bàbá Ọnà: Ọmọ yìí ò gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ lórí. Ìsẹ̀ Èkìtì kì í ṣe Ọ̀yọ́ o, igi kì í ṣe igbá, rí i pé o ṣàlàyé ìyẹn kí wọ́n tó bi ọ́. Àwòrán òpó náà, láti 2017 ni wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ àwòrán wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, yẹ abẹ́ rẹ̀ wò kó o rí i bóyá ó wà nínú rẹ̀. Ti afíngbá, gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Kó o sì yọ orúkọ rẹ kúrò nínú fáìlì pátápátá, àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́, ibi tó o bá ti sọ pé "gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ tẹ́lẹ̀" náà, wá bó o ṣe máa yí i.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́: Ẹ ṣé Bàbá. Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ti orúkọ inú fáìlì yẹn. Ọ̀la ni mo máa padà lọ bá afíngbá kó lè fọwọ́ sí i.