Namibia lóṣù Keje: ìbọn wo, ọta wo ni kí n mú lọ?

Ọmọ_Ọdẹ_TX: Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, ẹ kú ilé o. Texas ni àbúrò yín ń gbé. Mo fẹ́ lọ ṣọdẹ ẹran ọ̀dàn ní Namibia lóṣù Keje: kúdù kan, gemsbok kan, springbok méjì (ẹran oníwo bí ẹtu ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta), àti ìmàdò bó bá yọjú. .270 Winchester ni ìbọn tí mo ní. Wọ́n ní kò tó, pé kí n ra .300 Winchester Magnum tó lágbára jù ú lọ. Kí lẹ rí sí i?

Alápó: Àbúrò, má ra ìbọn kankan. Agbára ọta lẹ́nu ìbọn ni òfin Namibia ń wò: fún springbok, kò gbọdọ̀ dín ní 1,350 joule (ìwọ̀n agbára), fún kúdù, gemsbok, àti àwọn ẹran oníwo ńlá míì bíi wildebeest àti eland, 2,700. .270 tó ń yin ọta 150 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn bí orí ọta ṣe wúwo tó) máa ń lé ní 3,500. Àwọn tó ní ìbọn .243, tó kéré sí tìrẹ, ló yẹ kó ṣọ́ra, torí ọta 100 grain rẹ̀ kì í sábà pé 2,700.

Orí ọta ni kó o náwó lé. Ọta rírọ̀ tí wọ́n ń tà fún àgbọ̀nrín Texas lè fọ́ yángá lójú egungun èjìká gemsbok, kó má sì dé ẹ̀dọ̀fóró. Wá èyí tí wọ́n lẹ òjé inú rẹ̀ mọ́ bàbà tó bò ó pinpin, bíi Nosler AccuBond tàbí Swift A-Frame. Nosler Partition náà dára gan-an. Bó bá jẹ́ odindi bàbà bíi Barnes TSX lo rà, 130 grain ti tó, nítorí kì í fọ́ dànù bó ṣe ń wọlé. Ọta kan náà ni kó o lò fún gbogbo wọn, títí kan springbok. Má kó oríṣi méjì lọ, ibi tí wọ́n ń bà kì í dọ́gba.

Ògbójú: Òótọ́ ni Alápó sọ. Bí eland bá wà nínú rẹ̀ ni ǹ bá ní kẹ́ ẹ mú ìbọn .30-06 àti ọta 180 grain, torí akọ eland lè wọn ju 700 kílò lọ. Ní ti .300, ó ń ta jìnnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbá èèyàn ní èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po kan àbọ̀ ti .270. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá tíì mọ́ ọn á máa dijú kí ìbọn tó dún, inú ikùn ẹran lọta á sì lọ. Lọ́dọ̀ wọn, ẹran tó bá ti ṣẹ̀jẹ̀, owó rẹ̀ ti di sísan, bẹ́ ẹ rí òkú rẹ̀, bẹ́ ẹ ò rí i.

Ìyá_Ọdẹ: Ibi tẹ́ ẹ máa ta ọta sí ló ká mi lára jù. Ẹ̀yìn apá ló ti mọ́ yín lára láti máa ta àgbọ̀nrín sí ní Texas. Ọkàn ẹran ọ̀dàn wà nísàlẹ̀, ó sì sún síwájú, láàárín èjìká méjèèjì. Bó bá dúró ní ìbú, ẹ tọ ẹsẹ̀ iwájú lọ sókè, kẹ́ ẹ dúró níbi ìdá kan nínú mẹ́ta gíga àyà rẹ̀. Gemsbok ló ń tan èèyàn jù: ó ga léjìká, ojú á sì máa gbé ìbọn lọ sókè. Ọta tó bá kọjá lókè eegun ẹ̀yìn á gbé e ṣubú lójijì, ẹ̀ẹ́ rò pé ó ti kú, á sì dìde sá lọ. Ẹ ki ọta míì sẹ́nu lójú ẹsẹ̀, ẹ má gbé ojú kúrò nínú awò orí ìbọn. Bẹ́ ẹ bá ń lọ bá a nílẹ̀, ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ìwo yẹn ń pani.

Ọmọ_Ọdẹ_TX: Mo dúpẹ́ o, mà. Awò 3-9x40, tó ń mú nǹkan tóbi lójú láti ìlọ́po 3 dé 9, ló wà lórí ìbọn náà. Báwo ni kí n ṣe tò ó?

Alápó: Ó tó. Tò ó kó bá ojú ibi tó ò ń wò ní 200 mítà. Yóò fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ga ní 100, yóò sì fi nǹkan bíi 20 wálẹ̀ ní 300. Orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lórí ìdúró, ni wọ́n ti ń yìnbọn níbẹ̀, kì í ṣe orí tábìlì. Ra igi náà báyìí, kó o máa fi ṣe ìdánrawò ní 100 àti 150 mítà títí gbogbo ọta á fi máa wọ inú àwo ìjẹun kan. Bó o bá dé oko, tún un yìn kó o tó jáde: ọkọ̀ òfuurufú máa ń tú ìdè awò.

Arógunyọ̀: Ìwé ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó kúrò ní Amẹ́ríkà, ẹ gbé ìbọn lọ bá kọ́sítọ́ọ̀mù fún Form 4457, ìwé tó ń fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín kẹ́ ẹ tó jáde, kí nọ́ńbà ara ìbọn wà nínú rẹ̀. Ní pápákọ̀ òfuurufú Windhoek lẹ ti máa gba ìwé àṣẹ ti Namibia. Bẹ́ ẹ bá gba Johannesburg kọjá, ẹ ní kí wọ́n fi ẹrù ránṣẹ́ tààrà sí Windhoek; bẹ́ ẹ bá jáde sùn níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, àfi kẹ́ ẹ ní SAPS 520, ìwé tí ọlọ́pàá South Africa fi ń fún àlejò láàyè láti mú ìbọn wọlé fúngbà díẹ̀, bírò dúdú la sì fi ń kọ ọ́. Ẹ má fọwọ́ sí i nílé, iwájú ọlọ́pàá lẹ máa fọwọ́ sí i. Ọta kò gbọdọ̀ ju kílò 5 lọ nínú ọkọ̀ òfuurufú, nínú páálí tí wọ́n fi tà á. Ẹ má fi ọta kálíbà mìíràn (ọta tí kì í ṣe ti ìbọn yín) sínú ẹrù, ì báà ṣe ẹyọ kan.