Bí mo ṣe lé àlejò àkọ́kọ́ kúrò nídìí iṣẹ́ wa

Ní Tankẹ, nílùú Ìlọrin, ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ti bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí ó sì ń fi àmì ohùn rẹ̀ hàn. A gbé kóòdù rẹ̀ sí orí GitHub, ìkànnì ayélujára tí àwọn èèyàn ti ń pín kóòdù, kí ẹnikẹ́ni lè lò ó tàbí kí ó tún un ṣe. Ọdún kan kọjá, ẹnìkan kò yà lọ́dọ̀ wa.

Ẹni àkọ́kọ́ tó yà ni olùkọ́ Yorùbá kan láti Òmù-Àrán, ìyá àgbà tí kò kọ kóòdù rí. Ìlà méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́: àwọn tẹ Ọ̀fà lórí fóònù, ètò wa ní kò sí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé àwa tí a wà ní Kwara níbí ni a ó wá sọ pé a kò mọ Ọ̀fà ni? Mo tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó jáde. Mo fèsì pé kí wọ́n lọ yẹ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ wò, n kò kí wọn, n kò dúpẹ́, mo sì ti ọ̀rọ̀ náà pa. Bẹ́ẹ̀ èmi yìí kan náà ni mo máa ń ròyìn fún àwọn èèyàn pé nígbà tí Linus Torvalds kéde Linux, ètò aṣàkóso kọ̀ǹpútà tó kọ, lóṣù kẹjọ ọdún 1991, ńṣe ló ní kí àwọn èèyàn sọ ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn kò fẹ́.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, fóònù tèmi náà sọ pé kò sí Ọ̀fà. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ní àmì kan ṣoṣo fún ọ, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún ọ̀, àkópọ̀ ni. Pátákó ìtẹ̀wé kan lè kọ́kọ́ kọ ọ kí ó tó gbé àmì ohùn lé e, òmíràn lè kọ́kọ́ kọ ò kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àfi tí a bá sọ wọ́n di irú kan kí a tó fi wọ́n wéra. Ìlà kóòdù kan péré ló tún un ṣe.

Mo kọ̀wé bẹ olùkọ́ náà. Wọ́n fèsì pé, “Má ṣèyọnu, ọmọ mi, mo rò pé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n tẹ̀.” Ó dùn mí ju èébú lọ.

Láti ìgbà náà ni a ti kọ ìlànà ìdásí ní Yorùbá, tí a sì ń lẹ “good first issue”, àmì iṣẹ́ tó rọrùn fún ẹni tuntun, mọ́ iṣẹ́ kéékèèké. Èyí kò le. Ohun tó le ni kí n fi iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ fún ẹni tí yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe é, nítorí ọwọ́ a máa yún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yọ́ irú rẹ̀ ṣe lóru, tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbà á ṣe sì jí bá a pé ó ti parí. (Ọ̀kan nínú wọn kò tíì túra ká sí mi títí di òní.)

Olùkọ́ náà ló ń bá wa yẹ àwọn ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà wò báyìí. Wọn kò tíì kọ kóòdù, èmi náà kò sì bi wọ́n léèrè. Ọ̀rọ̀ 21 ni wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti dúpẹ́, n kò tíì yẹ̀ wọ́n wò tán.