Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ oògùn ADHD fọ́mọ mi ni àbí ká ṣì ní sùúrù?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 7, dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ADHD ni, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kọ́mọ lè pọkàn pọ̀ tàbí jókòó jẹ́ẹ́. Kò lè jókòó jẹun tán, kọ́là yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ ti ya torí ó máa ń rún un lẹ́nu tí tíṣà bá ń kọ́ wọn, bó bá sì bínú á fọ́n ìwé ká. Àwọn èèyàn ní àbíìkọ́ ni, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an o, ọmọ tó jẹ́ pé tínú ẹ̀ bá ti rọ̀ á wá fomijé bẹ̀ mí.

Mo ti nà án rí, kò ràn án, mo kábàámọ̀ ẹ̀. Mo bẹ tíṣà kó máa fi í síwájú, mo ń gé iṣẹ́ àmúrelé sí kékeré kékeré, mo sì ń yìn ín lójú ẹsẹ̀ tó bá ṣe dáadáa, ìyẹn ti ń ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Dókítà wá ní ká bẹ̀rẹ̀ oògùn ADHD kan tó ń jẹ́ methylphenidate. Mo kà nípa ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní MTA, tí wọ́n fi ọmọ 579 tó ní ADHD ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, èsì ẹ̀ jáde ní 1999, lẹ́yìn oṣù 14 àwọn tí wọ́n fún lóògùn tí wọ́n sì ń mójú tó dáadáa ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n kàn kọ́ níwà lọ, àmọ́ nígbà tó fi máa pé ọdún 3 ìyàtọ̀ yẹn ti pòórá. Ibẹ̀ gan-an lọkàn mi ti dàrú.

Ẹ̀yin tọ́mọ yín ti lò ó, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí, àbí kí n ṣì tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ ìwà yìí ná? Ẹ má bínú pó gùn, mo dúpẹ́ ṣáájú o.