Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Gauliga ẹkùn wo ni kí n fi ṣe pọ́díkáàsì?

SolaAlabọọlu
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ pọ́díkáàsì mi mọ̀ pé ìtàn bọ́ọ̀lù ni mò ń sọ níbẹ̀. Èyí tó ń bọ̀, líìgì Jámánì láyé Hitler ni mo fẹ́ fi ṣe, Gauliga tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933 tí wọ́n sì ń gbá títí ogun fi fẹ́ parí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í ṣe líìgì kan, ẹkùn 16 ni wọ́n pín gbogbo Jámánì sí níbẹ̀rẹ̀, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní líìgì tiẹ̀, àwọn tó bá gba ipò kìn-ín-ní ló máa wá pàdé láti du ife gbogbo orílẹ̀-èdè. Wákàtí kan péré ni mo ní, ibo ni mo fẹ́ kó ẹkùn 16 sí? Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú? Mo fẹ́ èyí tí ẹni tó jẹ́ pé torí Boniface ọmọ Nàìjíríà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo Bundesliga, líìgì Jámánì tòní, á lè gbọ́ títí dé ìparí.

AkanbiBuluu
Westfalen ni o, kí lẹ tún ń wá! Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n gbá líìgì Westfalen parí láti 1934 dé 1944, ẹ̀ẹ̀mọ́kọ̀ọ̀kànlá, Schalke 04 ló gbé e. Ká má tíì sọ ti ife Jámánì fúnra ẹ̀, wọ́n gbà á ní 1934, 1935, 1937, 1939, 1940 àti 1942. Gelsenkirchen ni ìlú wọn, ibi tí wọ́n ti ń wa èédú, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ni kíláàbù yẹn tọkàntọkàn. Ernst Kuzorra àti Fritz Szepan ló ń darí tíìmù, pásì kúkúrú kúkúrú, bọ́ọ̀lù á máa yí láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀ títí òòyì á fi kọ́ ẹni tó ń lé e. Ní àṣekágbá 1939 ní Berlin, wọ́n na Admira ti Vienna ní 9-0. Àṣekágbá o, kì í ṣe fẹ́rẹ́ńdílì! Fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pa á.

IyaTaye_Berlin
Àkànbí, o káre, òótọ́ ni gbogbo góòlù yẹn. Ṣùgbọ́n Ṣọlá ọmọ mi, tó o bá máa mú Schalke, rí i pé o sọ ti ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ní 1938, Szepan tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún yìí gba ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Schalker Markt. Júù ni àwọn tó ni ín, Sally Meyer àti Julie Lichtmann, òfin ìjọba ló mú kí ó di dandan fún wọn láti tà á ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ sí Riga ní Latvia nígbà tó yá, wọn ò padà wálé mọ́, wọ́n pa wọ́n ni. Àárín àdúgbò kíláàbù gan-an ni Schalker Markt wà, kì í ṣe ibi tó jìnnà.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé má ṣe bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó gba ife rárá. Bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti lé jáde kí líìgì tó gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Gbogbo èèyàn tó ń ka tábìlì Gauliga ń wo orúkọ tó wà lókè, kò sẹ́ni tó ń béèrè àwọn tí ò sí níbẹ̀. Àwọn kíláàbù òṣìṣẹ́, tó jẹ́ ti àwọn sósíálíìsì àti kọ́múníìsì, 1933 ni ìjọba ti gbogbo wọn pa, tí wọ́n gba pápá àti owó wọn. Ti àwọn Kátólíìkì tẹ̀ lé e ní 1935. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbá, ó di dandan kó wá sábẹ́ Hans von Tschammer und Osten, ẹni tí Hitler fi ṣe olórí gbogbo eré ìdárayá. Nígbà tí wọ́n máa fi fọn fèrè Gauliga, wọ́n ti mú ẹni tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì ti ti ẹni tí wọn ò fẹ́ síta.

TundeMia_SanMia
Bayern o, ẹkùn tí kíláàbù Bayern München wà! Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká wá ọ̀nà jíjìn. Bayern ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà mọ̀, ìtàn Kurt Landauer sì wà níbẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Júù ni, òun ni ààrẹ kíláàbù nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gba ife Jámánì ní 1932, 2-0 ni wọ́n na Eintracht Frankfurt ní Nürnberg, kóòṣì wọn náà, Richard Dombi, Júù ni. Kò tíì pé ọdún kan tí Landauer ní láti fipò sílẹ̀, March 1933. Ní November 1938 lẹ́yìn òru tí wọ́n dáná sun àwọn sínágọ́gù, wọ́n mú un lọ sí Dachau, àgọ́ tí ìjọba Hitler ń kó àwọn èèyàn tì mọ́, ọjọ́ 33 ló lò níbẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ torí pé ó ti jagun fún Jámánì rí nínú ogun àgbáyé kìn-ín-ní. Ó sá lọ sí Geneva ní 1939. Wọ́n pa nínú àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Síbẹ̀ bàbá yìí padà sí München ní 1947, ó tún di ààrẹ Bayern. Ẹ tún fẹ́ kí n sọ kí ni?

Kẹ́ ẹ sì wo Gauliga Bayern fúnra ẹ̀, Nürnberg ló ń gbà á jù, Fürth gbà á, Schweinfurt gbà á, kíláàbù 1860 München gbà á, kíláàbù Bayern tó gba ife 1932 kò rí ìkankan mú títí di 1944, nígbà tí wọ́n ti pín ẹkùn náà sí méjì.

Gbenga_K
Ẹ̀gbọ́n Túndé, mo gba ti Landauer, tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀ orí mi máa ń wú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nísinsìnyí ni pé Bayern jẹ́ kíláàbù tó kọ ojú ìjà sí Násì, ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní April 1933 nígbà tí àwọn kíláàbù ńlá gúúsù fọwọ́ sí ìwé ní Stuttgart pé àwọn máa bá ìjọba tuntun ṣiṣẹ́ láti yọ Júù kúrò nínú kíláàbù, orúkọ Bayern wà níbẹ̀. Orúkọ 1860 wà níbẹ̀, ti Nürnberg, ti Fürth, ti Eintracht Frankfurt tí Okocha wa gbá fún yẹn náà wà níbẹ̀. Ní 1935 Bayern fi òfin pé Júù ò lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ sínú ìwé òfin tiwọn. Àwọn kan nínú kíláàbù dúró ti Landauer lóòótọ́, wọn ò gbàgbé ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ gbogbo kíláàbù di akọni.

Ohun tó ń ká mi lára jù nínú ìwé Stuttgart yẹn ni ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ìjọba ò tíì pàṣẹ fún wọn o! Hitler ò tíì lò tó oṣù mẹ́ta lórí oyè, àwọn fúnra wọn ló sáré lọ ṣe é. Nürnberg ò fi falẹ̀ rárá, kí April tó parí wọ́n ti yọ àwọn Júù tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn, àwọn tó lé ní 100. Wọ́n ti rí káàdì ọmọ ẹgbẹ́ àwọn èèyàn yẹn báyìí, káàdì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ tí wọ́n lé e. Ṣọlá, tó o bá lè gbé ìyẹn sínú pọ́díkáàsì, á wọ àwọn èèyàn lára ju góòlù lọ.

OlukoItan
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Ṣọlá, Baden ni kó o mú, àní Karlsruhe ni kó o mú nínú Baden, Karlsruher FV. Lónìí kò sẹ́ni tó mọ kíláàbù yẹn mọ́ ní ọ̀dọ̀ tiwa, wọn ò sí nítòsí Bundesliga rárá, wọn ò sì gba Gauliga Baden rí, SV Waldhof ti Mannheim ló gba ti àkọ́kọ́. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé.

Ẹni tó dá Karlsruher FV sílẹ̀ ní 1891 ni Walther Bensemann, Júù ni, ọmọdé ló wà nígbà yẹn, nígbà tí àwọn tíṣà ní Jámánì ṣì ń sọ pé eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ò yẹ ọmọlúàbí ni bọ́ọ̀lù. Òun náà ló tún dá ìwé ìròyìn Kicker sílẹ̀ ní 1920, Kicker tẹ́ ẹ ṣì ń kà títí dòní. 1933 ló fi Jámánì sílẹ̀ lọ sí Switzerland, ó kú síbẹ̀ ní 1934. Ẹni tó gbìn ín fún wọn nìyẹn o.

Lẹ́yìn náà Karlsruhe gba ife Jámánì ní 1910, 1-0 ni wọ́n na Holstein Kiel. Nínú tíìmù yẹn, Júù méjì ló wà níwájú, Gottfried Fuchs àti Julius Hirsch. Fuchs ló jẹ góòlù 10 nínú máàṣì kan ṣoṣo fún Jámánì, Olympics 1912, 16-0 tí wọ́n na Rọ́ṣíà. Mẹ́wàá! Kò tíì sí ọmọ Jámánì kankan tó ṣe é láti ìgbà yẹn. Hirsch jẹ mẹ́rin lọ́dún yẹn kan náà nígbà tí wọ́n gbá ọ̀mì 5-5 pẹ̀lú Holland. Ó tún lọ sí Fürth, ó gba ife Jámánì pẹ̀lú wọn ní 1914, lẹ́yìn náà ogun dé, ó lọ sójú ogun fún ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kú síbẹ̀.

Ẹ wá wo April 1933. Hirsch ṣí ìwé ìròyìn eré ìdárayá, ó kà á níbẹ̀ pé àwọn kíláàbù ńlá, Karlsruher FV pẹ̀lú, ti pinnu láti yọ àwọn Júù. Inú ìwé ìròyìn ló ti mọ̀ o, kíláàbù tí òun fúnra ẹ̀ ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ láti 1902! Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà fún wọn lọ́jọ́ kẹwàá oṣù yẹn pé òun yọ ara òun kúrò, ó sì rán wọn létí pé àwọn Júù ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀ Jámánì. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan Gauliga Baden bẹ̀rẹ̀, Karlsruher FV wà nínú ẹ̀, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ìyàwó Hirsch kì í ṣe Júù, Hirsch kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè dáàbò bo obìnrin náà àti àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní March 1943 wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó o lọ sí Auschwitz, àgọ́ tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù. Láti ojú ọ̀nà ló ti fi káàdì ránṣẹ́ sílé fún ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀ obìnrin Esther, òǹtẹ̀ Dortmund ló wà lára ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbúròó ẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ méjèèjì náà, wọ́n kó wọn lọ sí àgọ́ Theresienstadt ní February 1945, ọpẹ́ ni pé àwọn yẹn bọ́.

Kíláàbù kan ṣoṣo rèé o, ẹni tó dá a sílẹ̀, àwọn Júù tó gba ife fún un, gbogbo wọn ni wọ́n pa tàbí tí wọ́n lé sá. Tí o bá sọ èyí, ẹni tó ń gbọ́ á mọ ohun tí Gauliga jẹ́ láìjẹ́ pé o ka tábìlì kankan fún un.

Dupsy_Wien
Ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́, omi bọ́ lójú mi. Èmi ń gbé Vienna, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa ní ṣókí. March 1938 ni Hitler gba Austria, kíá ni wọ́n ti pa Hakoah rẹ́, kíláàbù Júù tó ti gba líìgì Austria rí, wọ́n pa gbogbo èsì wọn rẹ́ nínú tábìlì. Wọ́n fòfin de owó oṣù fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n sọ ibí di Gauliga Ostmark. Tí àwọn èèyàn bá sọ fún ẹ pé Sindelar, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù Austria, ni akọni, fara balẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù mèremère lóòótọ́, ó sì jẹ góòlù nígbà tí Austria na Jámánì 2-0 ní April yẹn, ṣùgbọ́n ó ra ilé kọfí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Júù kan. Àṣekágbá 1941 dùn, Schalke ti fi 3-0 síwájú, Rapid Vienna padà wá fi 4-3 na wọ́n, Franz Binder jẹ mẹ́ta níbẹ̀. Ọjọ́ 22 June ni, ọjọ́ tí ọmọ ogun Jámánì wọ Rọ́ṣíà láàárọ̀ náà gan-an.

Lekan_maapu
Ẹ gbọ́ ná, kò sẹ́ni tó tíì sọ pé líìgì yìí ń tẹ̀ lé sọ́jà kiri. Ibi tí wọ́n bá gbà, Gauliga ti dé ibẹ̀. Wọ́n gba Alsace lọ́wọ́ Faransé ní 1940, Gauliga Elsass dé, Racing Strasbourg di Rasensportclub, torí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ẹ̀, àwọn SS, ẹ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ Násì, pàápàá ní tíìmù nínú líìgì yẹn. Àwọn kíláàbù Luxembourg, wọ́n yí orúkọ wọn padà wọ́n kó wọn sí Gauliga Moselland. Ní Poland ló burú jù. Gauliga Generalgouvernement, orúkọ tí Jámánì fún apá kan Poland tí wọ́n gbà, ará Jámánì nìkan ló lè gbá a, tíìmù ọmọ ogun òfúrufú àti ti ọlọ́pàá. Wọ́n pa kíláàbù àwọn ará Poland rẹ́, bọ́ọ̀lù wá di ohun tí wọ́n ń gbá ní bòókẹ́lẹ́ ní Kraków àti Warsaw, ẹni tí wọ́n bá mú ń lọ síbi tí ò ti ní bọ̀. Ṣọlá, ìṣẹ́jú márùn-ún péré fún èyí, jọ̀ọ́.

SolaAlabọọlu
Ẹ ṣeun ẹ ṣeun ẹ ṣeun. Olùkọ́, ẹ ti yanjú ẹ̀ fún mi, Karlsruhe ni. Màá fi ìwé Stuttgart ti Gbénga ṣíde, màá fún Lékan ní ìṣẹ́jú márùn-ún ẹ̀. Mọ́mì Táyé, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan: lẹ́yìn 1933, níbo ni àwọn Júù ti ń gbá bọ́ọ̀lù? Àbí wọ́n dáwọ́ dúró ni?

IyaTaye_Berlin
Rárá o, wọ́n gbá. Ẹgbẹ́ méjì ló kó wọn jọ, Makkabi àti Schild, wọ́n ní líìgì tiwọn, wọ́n ní ife tiwọn, èèyàn pọ̀ níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ torí pé àwọn tí wọ́n lé kúrò ní kíláàbù yòókù ló ń wọ́ wá. Pápá tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ni wọ́n ń fún wọn. November 1938 ni ìjọba pa ìyẹn náà rẹ́. Má gbàgbé wọn.

OlukoItan
Ṣọlá, nǹkan kan ṣẹ́kù tí mo fẹ́ kó o fi sí ìparí, torí ìtàn yẹn ò parí sí 1945. Fuchs sá àsálà, ó dé Canada, ibẹ̀ ló gbé kú. Ní 1972, Sepp Herberger, kóòṣì tó gba World Cup 1954 fún Jámánì, bẹ àjọ bọ́ọ̀lù wọn pé kí wọ́n pe Fuchs wá bí àlejò pàtàkì síbi máàṣì tí wọ́n máa fi ṣí pápá Olympics ní München, Jámánì pẹ̀lú Soviet Union. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dá àṣà tí àwọn ò ní lè máa tẹ̀ lé sílẹ̀. Fuchs ti kú kí èsì wọn tó jáde. Ó di 2005 kí wọ́n tó fi orúkọ Hirsch sọ ẹ̀bùn kan tí wọ́n ń fún àwọn tó ń bá ìkórìíra Júù àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà nínú bọ́ọ̀lù. Ka ọjọ́ yẹn méjèèjì fún wọn, 1972 àti 2005. Tó o bá ti gbà á sílẹ̀ tán, fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó gbé e síta, kí n bá ẹ gbọ́ bó o ṣe ń pe àwọn orúkọ Jámánì yẹn.